Má Tíì Tọwọ́ Bọ̀wé Ọkọ̀ Yẹn

Káfíńtà, àbúrò mi,

Oúnjẹ wà nínú ìkòkò. Jẹun, jókòó, má lọ bá àwọn tó fẹ́ yá ẹ lówó ọkọ̀ yẹn. Tó o bá fẹ́ bínú, bínú, ṣùgbọ́n kà á tán.

Bó o ṣe jáde láàárọ̀ ni mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mo ní mo fẹ́ bá àwọn tó ti yáwó níbẹ̀ rí sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní nọ́ńbà wọn. Mo délé, mo pè wọ́n. Obìnrin kan gbé e, ó wúkọ́, ó ní, “Èèyàn dáadáa ni wọ́n.” Bàbá arúgbó kan gbé èkejì. Ikọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà.

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn, tìẹ ni. Mo rò pé wọ́n ṣèèṣì ni, mo bá pè é. Ohùn ẹ ni mo gbọ́. O wúkọ́, o ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn dáadáa ni wọ́n.”

Fóònù ẹ tó o gbàgbé sílé wà lórí tábìlì níwájú mi. Kò dún.

Mo ti ń wá ẹ bọ̀ níbi iṣẹ́. Tó o bá ṣáájú mi délé, tí fóònù yẹn dún, kódà kó jẹ́ orúkọ mi ló gbé jáde, má gbé e.