Ṣí Poro Míràn

Bàbá Tuhami mi,

Mo kí yín láti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Sùsà. Mo kí ìyàwó yín àti àwọn àbúrò mi ní Marseille. Màmá ń kí ẹ̀yin àbúrò wọn. Ikọ́ wọn ti fúyẹ́. Wọ́n ti ká dàbínù tán nílé ní Tozeur, ó sì dùn ju ti èṣí lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò àfẹnusọ, n ó fi ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò náà, nígbà tó kàn mí, ọ̀jọ̀gbọ́n wa obìnrin béèrè pé: "Bí èèyàn bá ń sáré, ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró á pọ̀ gan-an. Kí ló dé tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ibẹ̀ kì í bẹ́?"

Gbogbo ìwé tí mo kà fò lọ. Ohùn yín ni mo gbọ́, bí ẹ ṣe máa ń pariwo mọ́ mi lọ́jọ́ tí omi bá ya wọ ọgbà dàbínù wa: "Olórí kunkun, má gbé bèbè ga mọ́, omi á já a! Ṣí poro míràn!"

Mo ní, "Bí a bá jókòó jẹ́ẹ́, àwọn iṣan kan máa ń wà ní pípadé, mà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, wọ́n á ṣí, ẹ̀jẹ̀ á sì pín sí wọn."

"Ta ló kọ́ ẹ báyìí?"

"Àbúrò màmá mi, mà. Ọgbà la jọ ń bomi rin."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Tozeur, omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ yín! Jókòó, o yege."

Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà bò yín nínú òtútù ibẹ̀. Aṣọ funfun dókítà tí ẹ fẹ́ rà fún mi, tí mo ní kí ẹ dúró ná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rà á bọ̀.

Ọmọ yín,
Mabruka