Akọni Tí Kò Gbé Fóònù

Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025
Mi ò mọ̀wé. Àdìó, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Agbowó, ló ń kọ ohun tí mo bá sọ. Ó búra pé òun kì í ka ohun tí òun bá kọ.

Islamiat, ọmọ ọmọ mi, dé láti yunifásítì. Lọ́yà ni mo ń pè é — ìbéèrè ti pọ̀ jù. Wọ́n ní kí ó kọ ìtàn àgbàlagbà kan bí ìtàn akọni. Ó ya òbìrìkìtì sínú ìwé: ìpè dé, akọni kọ̀ ọ́, ó padà jẹ́ ẹ, ó kúrò nílé, ó bá ewu jà, ó mú ìṣúra bọ̀. Ó ní inú rẹ̀ ni ìtàn gbogbo ayé ń yí sí. Èmi ló fẹ́ fi síbẹ̀.

Òbìrìkìtì ti rí wàhálà.

Ìṣẹ́gun, 4
Ìrìn àjò mi tó jìn jù: Bódìjà sí Ṣakí, lórí ẹrù pákó. Mo bì lọ́nà. Ẹranko abàmì tí mo bá jà: ewúrẹ́ Láwùmí aládùúgbò wa. Ewúrẹ́ ló borí. Ìṣúra tí mo mú bọ̀ láti ọjà pákó tí mo ti ń ṣiṣẹ́: ikọ́.

Ọjọ́rú, 5
Orúnkún ń dùn mí. Akọni sùn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Lọ́yà ti rí ewu tí òun ń wá kiri. Ọjọ́ tí Ràṣídátù ìyàwó mi kú, lọ́dún méjì sẹ́yìn — mo pọ̀n ọ́n, mo sáré jáde sí títì, mò ń dá ọkọ̀ dúró. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́ títí dòní. Ó ti kọ ọ́, ó kà á fún mi. Ó dára. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún fún ọkùnrin yẹn.

Ajé tó ń bọ̀ ni yóò kà á níwájú kíláàsì.

Jímọ̀, 7
Máa kọ ọ́, Àdìó, má wò mí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ràṣídátù pè mí lọ́jọ́ yẹn. Ọjà pákó ni mo wà, à ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé òun ni. Bí fóònù ṣe máa ń dún fún un yàtọ̀. Mo ní, ata ló tún fẹ́ rán mi. Mo da fóònù dojú dé orí pákó.

Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, ó ti lọ. Òkú ni mo pọ̀n sáré. Mo sọ fún wọn pé bátìrì ló kú. Bátìrì kún.

Àbámẹ́ta, 8
Lọ́yà bi mí bóyá inú ló ń run mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àìkú, 9
Mo sọ fún un. Mo ní kí ó fagi lé ibi tí mo ti pọ̀n ọ́n. Kí ó kọ ọ́ pé ìpè dé, bàbá kọ̀ ọ́, ó tán.

Ó ń ká etí ìwé.

Ó ní, "Bàbá àgbà, ìyá àgbà pe èmi náà lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn tiyín ni. Irun ni wọ́n ń dì fún mi. Mo ní màá pè wọ́n padà."

Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Mo ti to ohun tí màá sọ sílẹ̀ bí ó bá bú mi. Èyí, mi ò múra fún un. Mo kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga gbọọrọ. Ó wá jókòó.