Aago Tí Mo Dè Mọ́ Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ga ju tábìlì lọ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni lórí ìdùbúlẹ̀. Àwa náà wà. Eékún mi ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi. Ìyá rẹ jẹun láàárọ̀ yìí, ó sì ní iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó. Bó bá ti ń bá mi jà lórí iyọ̀, kí o mọ̀ pé ara rẹ̀ yá.

Ìyá aránṣọ tí ilé rẹ̀ kan tiwa ló ń bá mi kọ ọ́. Lórí fóònù, o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kí o tó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ mi ná." Lónìí, ìwọ ni kí o gbọ́ mi tán.

Mi ò gbàgbé ohun tí o sọ nígbà tí ìyá rẹ rìn jáde tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, tó jẹ́ pé awakọ̀ kan tí kò mọ̀ wá rí ló bá wa mú un bọ̀. O ní, "Bàbá, bí Màmá bá tún sọnù lẹ́ẹ̀kan péré, mo máa wá mú wọn lọ sọ́dọ̀ mi." Mo yára pa fóònù, torí pé bí mo bá fèsì, ìjà ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oorun mi ti di ti ológbò. Ilé tí èmi àti obìnrin yìí ti jọ gbó sí, kí n wá máa dá jókòó sínú rẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀!

Aago ìdágìrì tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. O fẹ́ rán oníṣẹ́ iná wá dè é, mo ní rárá. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bàbá mi a máa ta okùn yí oko àgbàdo rẹ̀ ká, a sì so agolo òfìfo mọ́ ọn. Bí ẹranko bá ti fara kan okùn, agolo á pariwo, àwa náà á dìde. Mo tú páálí rẹ, mo wò ó, mo ní agolo bàbá mi náà rèé, wọ́n kàn ki bátìrì bọ̀ ọ́ nínú ni.

Méjì-méjì ni wọ́n. Ọ̀kan á wà lára férémù, èkejì tó ní òòfà nínú á wà lára ilẹ̀kùn. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá súnmọ́ra, ilé dákẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí báyìí, aago fúnra rẹ̀ tí mo gbé sí pálọ̀ á figbe ta. Ti ilẹ̀kùn iwájú, tó jẹ́ pákó, ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbọ́ràn. Mo fọ́nnu fún ìyá aránṣọ títí ó fi ń wò mí níwòkuwò.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló sọ mí di ẹlẹ́yà. O mọ̀ pé irin ni. Mo lẹ̀ ẹ́, mo ti ilẹ̀kùn gbọin, aago ń ké. Mo pààrọ̀ bátìrì, ó ń ké. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, ó ń ké. Oníbúrẹ́dì òdìkejì bèèrè lọ́wọ́ mi pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń gbé ilé yìí, àbí àwọn olè?" Ìyá rẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń sunkún, ó ní, "Ta ló ń lu ọmọ yẹn?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi dúró. Ìwé tó bá aago náà wá, tí ìyá aránṣọ ti ń bẹ̀ mí látìgbà yìí pé kí òun kà fún mi, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ bá a.

Ó kà á. Wọ́n ní irin máa ń fa agbára òòfà mọ́ra, pé kí a fi ohun tí kì í ṣe irin sáàárín. Wọ́n tún ní èèyàn lè yí igbe náà padà sí ohùn pẹ̀lẹ́. Igi ọkọ́ bàbá mi tó kán wà ní ẹ̀yìnkùlé. Mo gé díẹ̀ níbẹ̀, mo gbẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, mo fi í sáàárín òòfà àti ilẹ̀kùn. Mo ti ilẹ̀kùn. Kẹ́kẹ́ pa. Ìyá aránṣọ bá mi yí ohùn náà, ó wá ń dún kin-in kin-in, bí ìgbà tí ṣíbí bá kan ife.

Ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní balùwẹ̀, ọṣẹ ti bo orí mi, mo gbọ́ kin-in kin-in. Tẹ́lẹ̀, màá ti ní ìranù rẹ̀ ló tún dé. Ṣùgbọ́n igi tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́, kò ní purọ́ fún mi. Mo ró táwẹ́ẹ̀lì, mo sáré jáde. Ìyá rẹ ti dé ẹnu géètì, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ìkọ́ rẹ̀, bàtà òde rẹ̀ ló wọ̀, ó gbé agbòòrùn dání.

Mo ní, "Ìyá wọn, ibo nìyẹn?"

Ó ní, "Mo fẹ́ lọ mú ọmọ mi nílé ìwé. Wọ́n ti jáde, kò gbọdọ̀ dúró nínú oòrùn."

Ìwọ ló ń wí o. Ìwọ tí orí ti ń hu ewú.

Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kó dúró kí n ṣan ọṣẹ, kí a jọ lọ. Ìgbà yẹn ló tó wo orí mi dáadáa. Ẹ̀rín ló pa á! Ó di géètì mú, ó ní, "Bàbá wọn, ta ló da ìfófó ọṣẹ lé yín lórí báyìí?" A jọ rìn lọ sí ìkòríta. Kí a tó débẹ̀, ó ti gbàgbé ibi tí à ń lọ, ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló ń bá mi sọ. A yí padà wálé. Lóru ọjọ́ náà, mo sùn bí òkúta.

Nítorí náà, má wá mú un lọ. Igi ọkọ́ ṣì kù, mo sì ti de aago mìíràn mọ́ géètì. Ṣùgbọ́n wá kí i. Bí o bá ń bọ̀, má gba iwájú wọlé. Gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Aago á dún, èmi á sì sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ ti ti ilé ìwé dé.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ. Àwọn ọmọ rẹ kò ní ṣìnà, wọn yóò sì fi ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú wa tọ́jú ìwọ náà.

Èmi ni bàbá rẹ, olórí líle tó bí ọ.

Mo tún rántí: mú bátìrì wá. Ìyá aránṣọ sì ní kí n fi kún un pé òun ló ka ìwé náà. Ó dáa, mo ti fi kún un. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbẹ́ igi.