Ọdún Tí Kámẹ́rà Mi Kọ Sábẹ́ Fọ́tò Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, mi ò tíì bọ́ aṣọ tí mo wọ̀ lọ. Mo ní kí n kọ̀wé sí yín báyìí tí inú ṣì ń bí mi, torí tí mo bá fi di ọ̀la, màá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tó dùn láti fi bo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin kì í sì í fẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà mi ni. Ẹ ò lè gbàgbé rẹ̀. Aláwọ̀ fàdákà ni, kékeré báyìí, tó ń wọ àpò aṣọ. Itamaga, ní Ìkòròdú, ni mo ti rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta rédíò àti fáànù. Gbogbo àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, èmi nìkan ni kò tíì ní kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù, ni mo bá ra èyí tí agbára mi ká. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára, mi ò gbọ́ ọ rí kí n tó rà á, mi ò sì gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà náà. Bátìrì méjì ló ń lò, ó sì ń jẹ wọ́n bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Kí wọ́n má baà tètè kú, mo máa ń yọ wọ́n síta tí mi ò bá lò ó. Ìgbàkígbà tí mo bá tún dá wọn padà, kámẹ́rà á kọ́kọ́ bi mí pé ọjọ́ wo la wà, oṣù wo, ọdún wo. Mi kì í dá a lóhùn. Mo kàn máa ń tẹ bọ́tìnì kan kí ìbéèrè yẹn lè kúrò níwájú mi, torí àwọn èèyàn ti tò, wọ́n ti rẹ́rìn-ín sílẹ̀, wọ́n ń retí mi. Òun náà á wá padà sí ọdún tí àwọn tó ṣe é fi sínú rẹ̀, ọdún márùn-ún ṣáájú ìgbà tí mo rà á.

Iléyá ni mo gbé e wá bá yín. Ọjọ́ kẹta ọdún ni, ẹran ṣì wà nínú ìkòkò, ẹ̀yin sì ti wà létí ọ̀sà, lábẹ́ àtíbàbà yín, lórí ilẹ̀ tí Bàbá Àgbà fún yín láti máa kan ọkọ̀ ojú omi. Páànù ibẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n òjò kì í wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ kan tí ẹ ti kàn dé ìdajì wà lórí igi, ẹ fi pẹ́ńsù há etí bí ìṣe yín.

"Bàbá, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n yà yín."

"Jẹ́ kí n kan ìṣó yìí tán ná."

Ẹ kan ìṣó náà tán, ẹ sì tún kan mẹ́ta sí i. Lẹ́yìn náà lẹ dé fìlà tí mo rà fún yín fún ọdún, ẹ gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ náà bí ẹni gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ, mo sì yà yín ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Benson, ní Ìkòròdú, ni mo ti fọ àwọn fọ́tò náà. Nígbà tí mo mú wọn wá fún yín, ẹ lọ mú jígí ojú yín, ẹ sì wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ìgbà pípẹ́. Inú yín dùn. Lẹ́yìn náà lẹ fi ìka kan ìsàlẹ̀ fọ́tò.

"Nọ́ńbà wo lèyí?"

"Déètì ni, Bàbá. Ó ń ṣì í kọ ni. Ẹ má wulẹ̀ wò ó."

"Tó bá ń ṣì í kọ, kí ló dé tí o ò tún un ṣe?"

Mo ní màá tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ tí ẹ ra pákó sí i nídìí, pákó kọ̀ọ̀kan, kódà èyí tí ẹ máa lò lọ́jọ́ kejì. Mo ní màá tún un ṣe, mi ò sì tún un ṣe.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ẹ pè mí sí ọ́fíìsì. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ẹ ò kí mi. Ẹ ní, "Wọ́n ti wó o," ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Ìgbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ìgbà tí ẹ lọ kírun ni Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ọmọ bàbá yín gan-an, gbé katapílà wá. Ẹ fi ẹní ìrun há abíyá bọ̀ láti mọ́sálásí, ẹ bá àtíbàbà nílẹ̀, páànù ti ká jọ bí ìwé, ọkọ̀ tí ẹ gbọ́wọ́ lé nínú fọ́tò ti là sí méjì. Ọkùnrin kan láti Èkó ló fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ilé àlejò.

Mo ní ká lọ sí kọ́ọ̀tù. Ẹ ò gbà. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ẹbí ló máa parí rẹ̀. Ẹ gbà wọ́n gbọ́, Bàbá. Ẹ fá irùngbọ̀n, ẹ wọ agbádá, ẹ di fọ́tò náà sínú ọ̀rá, ẹ sì fi í sápò. Ẹ ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Fọ́tò wà."

Mo jókòó sẹ́yìn yín lọ́jọ́ ìpàdé yẹn. Bàbá Kékeré ní igbó lòun ṣán, pé òun ò wó nǹkan kan tó ju òpó jíjẹrà mẹ́ta lọ. Ó ní láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ọdún mẹ́rin gbáko, lẹ ti pa ibẹ̀ tì, gbogbo wọn sì ti fẹnu kò tipẹ́ pé ẹni tó bá pa ilẹ̀ ẹbí tì fún ọdún mẹ́ta, ilẹ̀ náà ti padà di ti ẹbí. Ẹ ò bá a jiyàn. Ẹ yọ fọ́tò, ẹ fà á lé Olórí Ẹbí lọ́wọ́. Bàbá Kékeré ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà wò ó. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló gbé ẹ̀rí mi wá," ó wí. "Ẹ ka ọdún tó wà níbí. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni. Ṣé mo sọ pé àtíbàbà ò sí níbẹ̀ rí ni? Mo ní ó wà níbẹ̀, wọ́n sì pa á tì."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kámẹ́rà mi ló ṣì í kọ. Iléyá tó kọjá yìí ni mo ya fọ́tò yẹn. Fìlà tí wọ́n dé, èmi ni mo rà á fún wọn lọ́dún yìí."

"Fìlà ò kọ ọdún sára," ó dá mi lóhùn. "Tí kámẹ́rà rẹ bá ń ṣì í kọ lóòótọ́, kí ló dé tí o ò tún un ṣe látọjọ́ yìí?"

Ìbéèrè yín gan-an ni, Bàbá, láti ẹnu rẹ̀. Olórí Ẹbí ní ohun tó wà lákọsílẹ̀ làwọn máa tẹ̀ lé. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn yín, mò ń dúró kí ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ wo ojú wọn, látorí ẹni àkọ́kọ́ títí dé orí ẹni ìkẹyìn, ẹ ò kánjú. Lẹ́yìn náà lẹ dìde, ẹ ní, "Ó tó. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Lójú ọ̀nà, ẹ ra ẹja yíyan fún mi pé kí n gbé e lọ sí Ìkòròdú. Ẹ̀yin lẹ ṣà á, ẹ ní kí ó má ní egungun púpọ̀. Ẹ ò bá mi wí. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wí. Ẹja yẹn bàjẹ́ sínú fíríìjì mi, mi ò lè fi ẹnu kàn án.

Láti ọjọ́ náà, ẹ ò fọwọ́ kan ayùn mọ́. Tí mo bá wá, iwájú ilé ni mo máa ń bá yín, ọwọ́ yín á wà lórí orúnkún, bí ọwọ́ ẹni tí wọ́n ní kó jókòó dúró de dókítà. Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìpàdé ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé yín dálẹ̀, ẹ ò sì dìde. A sin yín kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́. Bàbá Kékeré sunkún ju gbogbo wa lọ. Lọ́jọ́ fìdáù, ó pè mí láàárín èrò, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó ní, "Kámẹ́rà rẹ dà? Wá yà wá." Mo sì yà wọ́n, Bàbá. Ojú èèyàn pọ̀, mo ti kọ́ láti máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, mo yà wọ́n.

Nígbà tí mo lọ fọ èyí tí mo yà lọ́jọ́ yẹn ní Benson, obìnrin tó ń bá mi fọ fọ́tò bi mí pé kí ló dé tí mo ń jẹ́ kí ọdún tí kò tọ́ máa bọ́ sórí fọ́tò mi. Ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn, ó bi mí pé kí ni òní, ó sì dá a padà fún mi. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo bú sẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fún mi ní àga, ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí.

Ohun tó gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ lónìí nìyí. Oṣù tó kọjá ni mo kó ẹrù kúrò nílé tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀ lágbègbè Agric, ní Ìkòròdú. Mo bá páálí kámẹ́rà náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ sọ ọ́ nù, ni rìsíìtì bá jábọ́ látinú rẹ̀. Ọkùnrin Itamaga yẹn ti kọ ọjọ́ sí i, ó kọ oṣù, ó kọ ọdún, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ọjọ́ yẹn tí mo fi yà yín. Ọdún tí wọ́n ní mo ya fọ́tò náà, mi ò tíì ní kámẹ́rà. Kódà ìyá mi ṣì wà láyé nígbà yẹn. Ẹ̀rí tí ì bá gbà yín wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mò ń sùn lé, ní gbogbo oṣù mẹ́jọ tí ẹ fi gbé ọwọ́ lé orúnkún.

Mo pe Olórí Ẹbí. Mo ní mi ò bèèrè ilẹ̀, ilé àlejò ti dúró lórí rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe jókòó lọ́jọ́ náà, kí wọ́n wo ìwé yìí, kí wọ́n sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu ara wọn pé bàbá mi ò purọ́. Ó dá ọjọ́ òní.

Wọ́n jókòó lóòótọ́. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ rìsíìtì sórí tábìlì, mo tẹ́ fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ṣàlàyé. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ló sọ̀rọ̀, bàbá arúgbó tí ẹ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ ò gba nǹkan kan. Kò tilẹ̀ mú ìwé náà nílẹ̀.

"Ọmọ mi, ká ìwé rẹ," ó wí. "Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wó àtíbàbà yẹn, mo jókòó sábẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ fún mi lóbì. Ta ló wà níbí tí kò mọ̀? Ilẹ̀ yẹn ti tà ká tó pè yín sí ìpàdé. Gbogbo wa la mú nínú owó rẹ̀. Fọ́tò tí ẹ gbé wá kàn bá wa wá ohun tá a máa sọ ni."

Mo wo Bàbá Kékeré. Ó ń wo ilẹ̀. "Ó ti pẹ́," ó ní. "Jẹ́ kí ẹni tó kú sinmi."

Mo kó ìwé mi, mo kó fọ́tò mi, mo jáde. Mi ò kúnlẹ̀ kí wọn pé ó dàbọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Mo gbọ́ tí Olórí Ẹbí ń pè mí láti inú yàrá pé kí n dárí jì wọ́n, mi ò wẹ̀yìn.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí ẹ ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ ti rí i? Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n mọ̀? Tí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? A jọ rìn láti ibẹ̀ dé ilé. Ẹ dúró ra ẹja, ẹ ṣà á, ẹ bá ẹni tó ń tà á ṣeré. Ẹ wò mí bí mo ṣe ń sunkún nítorí kámẹ́rà, ẹ sì jẹ́ kí n máa gbà pé èmi ni mo gba ilẹ̀ lọ́wọ́ yín. Àbí ojú ń tì yín pé ẹbí yín lẹ gbẹ́kẹ̀ lé? Àbí ẹ rò pé ó sàn kí n kórìíra ara mi ju kí n kórìíra wọn lọ?

Inú ń bí mi sí wọn, inú sì ń bí mi sí yín, mi ò ní fi bò. Wọ́n ní kí n dárí jì wọ́n. Mi ò dárí jì wọ́n. Tiyín, mo ṣì ń gbìyànjú.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.