Kí Omi Kẹ̀yìn sí Ilé

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ìsàlẹ̀.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ara ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń bá ọ jà níjọ́sí ti fi ọ́ sílẹ̀? Àwa níbí kò ṣàìsàn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n n kò lè parọ́ fún ọ pé ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù òjò. O ó ti rí i pé àdírẹ́sì ilé Màmá rẹ ni mo kọ sókè. Inú pálọ̀ wọn ni mo jókòó sí, mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí nítorí ilẹ̀ ṣì tutù.

O mọ iṣẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò lè kó wọ ilé tuntun ní àdúgbò yìí láìjẹ́ pé mo wo ibi tí omi ilẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n garawa ni mo fi ń parí ẹjọ́: màá da omi sí ìdí ògiri, màá dúró wò ó. Bí ó bá kẹ̀yìn sí ilé, tó gba kòtò àárín ilé méjì lọ sí gọ́tà, mo fọwọ́ sí i. Bí ó bá padà wá kí onílé, kọ́ńtírakítọ̀ á padà wá gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ì báà bú mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí o ra ilé méjèèjì, tìrẹ lókè, ti Màmá nísàlẹ̀, èmi ni mo da omi níbẹ̀. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn lo ránṣẹ́ sí bíríkìlà láti ibi iṣẹ́ yín tí fóònù kì í dé, pé kí ó kó yẹ̀pẹ̀ kún àgbàlá tìrẹ, kí ó dí kòtò yẹn, kí ó sì mọ ògiri yí i ká, kí mọ́tò rẹ lè ríbi gúnlẹ̀ sí. Ó ṣe é bí o ṣe wí. Mo mọ̀ pé o kò ní ibi lọ́kàn. Gbogbo ará àdúgbò yìí náà ló ń ṣe é: olúkúlùkù ń gbé ilẹ̀ tirẹ̀ ga ju ti aládùúgbò lọ, bí ẹni pé omi máa tijú, kó padà sójú ọ̀run. Nísinsìnyí, omi gbogbo òkè ń kóra jọ sẹ́yìn ògiri rẹ, ó ń yí ìdí rẹ̀ po, ẹ̀yìnkùlé Màmá ló sì ń já sí.

Òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tiẹ̀ pẹ́. Síbẹ̀ ó wọ yàrá Màmá, ó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní omi tí ènìyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ní kó wá bá èèyàn níbi tó sùn sí? Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí bàtà wọn tó ń léfòó, ẹ̀rín náà kò wá. Ohun tó já mi láyà jù ni ògiri rẹ. Ó ti ń tẹ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ wọn. Yẹ̀pẹ̀ tó ti mumi yó ń tì í láti ẹ̀yìn, mo sì rí ibi tó ti là láti orí dé ìdí. Fèrèsé yàrá tí Màmá ń sùn ló dojú kọ.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n kọ̀. Mo mú àwọn òṣìṣẹ́ wá kí wọ́n wó o, Màmá gbé àga jáde, wọ́n jókòó ti ògiri. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló ní kí wọ́n mọ ọ́n. Ẹni tó bá máa wó o, kó kọ́kọ́ wó èmi ná." Àwọn òṣìṣẹ́ gbé òòlù wọn, wọ́n lọ. Ọ̀gá mi ní òfin fún onílé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti tún un ṣe kí á tó lè fipá wó o. Mo ti lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ géètì rẹ, ọwọ́ ara mi ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Má bínú. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa. Kò sì ní dúró de ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́dọ̀ rẹ kò pọ̀. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ yín ló máa mú lẹ́tà yìí bọ̀, ó ti ń fun fèrè lóde. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ìwé sí Màmá, kí ó mú un padà wá, pé ìwọ lo ní kí á wó ògiri náà. Wọn kò ní gbà á lẹ́nu mi. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó dọ̀la. Ojú ọ̀run ti ṣú lápá òkè, atẹ́gùn sì ti ń já aṣọ lórí okùn.

Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ń kí ọ. Màmá náà ń kí ọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń to àpótí aṣọ wọn sórí tábìlì. Wọ́n ní kí n má dárúkọ omi sí ọ rárá, kí o má baà rò pé àwọn kò mọ rírì ilé tí o rà fún àwọn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ilé náà dára, pé ó gbẹ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò rí oorun sùn,

Ìyá Garawa.