Ẹni Tó Bi Mí Léèrè Kò Kọ́kọ́ Kí Mi

Adúmáadán mi, ọmọ tí mo bí tí mo fi ń yangàn,

O kú iṣẹ́ o, o kú làálàá ìgboro. Bí ara bá le lọ́hùn-ún, inú wa dùn. Ara tiwa le níbí, àfi orúnkún mi tó máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá ti ṣú. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, bàbá yín sì wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn níwájú ilé, wọ́n ń kọrin, èyí tó fi hàn pé ìjà ti parí. Ìwọ lo dá ìjà ọ̀hún sílẹ̀, ọmọ mi. Ìdajì rẹ̀ nìkan lo gbọ́ lọ́jọ́ tí mo pè ọ́ kí ìpè tó já, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

O rántí pé o fi ìbéèrè ọ́fíìsì yín ránṣẹ́ sí fóònù èmi àti ti bàbá yín, pé ká bá ọ dán an wò kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Mo nu ọwọ́ mi, mo gbé awò sójú, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì tẹ àwọn lẹ́tà aláwọ̀ aró tí o ní kí n tẹ̀. Mo kí ẹni tó wà nínú rẹ̀, kò dáhùn. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ìgbà wo ni ọmọ mi tó ń gbé lọ́nà jíjìn wá kí mi kẹ́yìn. Háà! Mo ronú, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ pé ó ti pẹ́. Ó tún ní ibo ló ń dùn mí lára. Mo tẹ orúnkún, mo tẹ ẹ̀yìn, mo tẹ ojú. Ó ní ṣé òrùlé wa ń jò. Ta ló sọ fún un? Lẹ́yìn gbogbo èyí ló wá ní kí n fún ilé ayé mi ní máàkì, láti oókan dé ẹẹ́wàá. Mo fún un ní ẹẹ́ta lójú ẹsẹ̀, mo fi ránṣẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìwà yẹn dára, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó yọjú.

Nígbà tí a ń jẹun ìrọ̀lẹ́, bàbá yín bi mí pé mélòó ni mo fún tèmi, nítorí ẹẹ́sàn-án ni àwọn fún tiwọn. Mo ní ẹẹ́ta. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní ẹẹ́ta, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí a ti jọ lò? Mo ní kì í ṣe àwọn ni mo fún ní máàkì, ilé ayé ni. Wọ́n ní ṣé àwọn kò sí nínú ilé ayé ọ̀hún ni, àbí àlejò ni àwọn?

Láti ọjọ́ náà, mi ò gbádùn mọ́. Bàbá yín tí kì í mọ ibi tí ìgbálẹ̀ wà wá ń gbá ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi láàárọ̀, wọn á nàró, wọn á ní ṣé èyí á gbé e dé ẹẹ́rin. Wọ́n pọnmi fún mi, wọ́n ní ṣé ó ti tó ẹẹ́rin ààbọ̀. Wọ́n sọ fún onígbàjámọ̀, onígbàjámọ̀ sì sọ fún gbogbo orí tó ń fá, ló bá di pé bí mo bá ń kọjá, wọn á ní Ìyá Ẹẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí a bá sùn, bàbá yín a kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ìgbà náà ni mo pè ọ́, tí o bú sẹ́rìn-ín, tí o ní ìbéèrè kan náà ni, pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pààrọ̀ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra ni. O ní ẹ ó kọ́kọ́ bi àwọn kan nípa ilé ayé lódindi, ẹ ó fi ìrora ṣíwájú fún àwọn mìíràn, pé ẹ̀rọ ló ń dà á rú bí ẹni ń da káàdì, kò mọ ẹni tó ń fún, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìbéèrè tó ṣíwájú ti ń kó àbàwọ́n bá èyí tó tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni ìpè já sí. Ṣùgbọ́n ó yé mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lá oyin, ọsàn á kan lẹ́nu rẹ̀. Èèyàn méjì ló wà nínú ẹ̀rọ yín: ọmọlúwàbí kan, tó lọ bá bàbá yín, tó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà wọn, àti alátojúbọ̀ kan tí wọn ò kọ́ nílé, tó wá bá èmi, tó sì bẹ̀rẹ̀ látorí egbò.

Mo ṣàlàyé fún bàbá yín, wọ́n ní ọmọ kì í já ìyá rẹ̀ kulẹ̀. Mo ní ó dáa. Mo dúró tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń fá pákó, mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni ọmọ wọn wá kí wọn kẹ́yìn. Ọwọ́ wọn dúró lórí pákó. Mo ní ibo ló ń dùn wọ́n. Wọ́n di ìbàdí mú. Mo ní òrùlé ńkọ́. Wọ́n gbójú sókè. Mo ní ó yá, ẹ fún ilé ayé yín ní máàkì. Wọ́n ní ẹẹ́rin.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ti ẹnu wọn jáde, wọ́n jókòó sórí èérún pákó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fẹnu ara mi béèrè, mo mọ ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀, síbẹ̀ ẹẹ́rin yẹn gún mi láyà bí abẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ti fi ojú bàbá yín rí. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ní ẹ má bínú. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n ní ta ló ń fi orúnkún tó ń dun èèyàn kúnlẹ̀. Wọ́n wá bi mí, láìbi mí ní nǹkan mìíràn ṣáájú, pé báwo ni ilé ayé. Mo ní ó dùn. Mi ò tilẹ̀ rántí máàkì.

Nítorí náà, bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé kí ẹ̀rọ náà máa da ìbéèrè rẹ̀ rú lọ. Bí gbogbo èèyàn bá bá alátojúbọ̀ nìkan pàdé, ẹ ó ní ìyà ń jẹ wá. Bí wọ́n bá sì bá ọmọlúwàbí nìkan pàdé, ẹ ó rò pé òrùlé kankan ò jò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́ èyí tó yájú yẹn ní ìkíni. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù, torí ti òrùlé yẹn, òótọ́ ló sọ. Má fi í sínú báńkì tó wà nínú fóònù o, mo ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bátìrì nìkan ló wà níbẹ̀. Fi rán awakọ̀. Bí o bá sì lè fọwọ́ ara rẹ mú un wá, ìyẹn ló tẹ́ wa lọ́rùn jù.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Níbikíbi tí o bá ti béèrè ọ̀nà, ọ̀nà ire ni wọn yóò fi hàn ọ́. Iṣẹ́ tí o fi ẹnu ṣe kò ní di ẹjọ́ sí ọ lọ́rùn.

Ó tó báyìí, oòrùn ti ń wọ̀. Bàbá yín ti gbé bẹ́ńṣì síta, wọ́n ń pè mí, mo sì mọ̀ pé wọn ò ní ohunkóhun láti bi mí. Wọ́n kàn fẹ́ kí n wá jókòó ni.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.