Tẹlifíṣọ̀n Oníbébà Lára Ògiri Gábàsì

Musin,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Azeezah, Àwẹ̀ró mi, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Yaba níbẹ̀? Ṣé iná ń wà? Ṣé o ń jẹun kí o tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, àbí tíì lásán lo ṣì ń mu? Kí Ọba tí kì í sùn máa ṣọ́ ọ lọ, kó máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo ni ín. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Nígbàkúùgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó nípọn lórí fóònù ni o máa ń ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, o máa kà á tán ni. Ìwé mẹ́ta tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó mi í fi sọ ohun tó wà nínú mi.

Owó tẹlifíṣọ̀n tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Fóònù ké, Làbákẹ́ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn bá mi kà á, ó ní owó ti wọlé. Mo wo ẹ̀yìn fóònù, mo wo inú àpò rẹ̀, n kò rí nǹkan kan, ni Làbákẹ́ bá ń rẹ́rìn-ín, ó ní báńkì ni owó wà, fóònù kàn ń ròyìn rẹ̀ ni. Mo ní aláròyé ni fóònù nígbà náà, kó má lọ ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi gèlè wé e.

O ní kí n lọ yan èyí tó fẹ̀ dáadáa kí àwọn òbí Roqeeb tó wá tọrọ ọ, nítorí o kò fẹ́ kí wọ́n bá tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́ tó ní ẹ̀yìn ńlá yẹn nílẹ̀. Mo lọ. Èmi àti Làbákẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ìsọ̀ kan lẹ́bàá ọjà Ọjúwòyè. Awwal ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀. Ó pè mí ní Àlájà, mo ní n kò tíì dé Mẹ́kà, kó má fi orúkọ tí n kò tíì sanwó rẹ̀ pè mí. Ó mú mi lọ síwájú ọ̀kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n dá dùbúlẹ̀, ó ní íǹṣì márùndínlọ́gọ́ta ni, ó ní ó gbọ́n, èèyàn lè bá a sọ̀rọ̀ kó sì gbọ́. Mo kí i pé ẹ kú ọjà o. Kò dáhùn. Mo tún kí i. Awwal ní èdè Òyìnbó ló gbọ́. Mo ní kí ló wá ń wá ní Musin?

Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í jáde láìsí téèpù lọ́rùn. Mo fà á láti etí kan dé etí kejì tẹlifíṣọ̀n náà, íǹṣì méjìdínláàádọ́ta ni mo bá. Mo tún un wọ̀n, kò yàtọ̀. Mo ní Awwal, íǹṣì méje tó kù dà? Ó ní Ìyá, nǹkan kan ò sọnù, láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Mo ní irọ́ ni. Mo ní láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, n kò rí ẹni tó wọn àyà oníbàárà láti èjìká kan dé ìbàdí kejì, bí mo bá rán irú bùbá bẹ́ẹ̀ fún ọ, ta ni yóò wọ̀ ọ́? Èrò ti ń pé jọ. Ọkùnrin kan ní ṣé màmá yìí ò lọ síléèwé ni, mo ní mo lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ íǹṣì. Awwal gba téèpù, ó fà á ní ìdábùú, ó pé márùndínlọ́gọ́ta gẹ́lẹ́. Mo gbà pé kì í ṣe olè. N kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ. Mo ní kó dúró dè mí, n ó lọ wo ògiri mi ná.

Télọ̀ gidi kì í kó sísọ́ọ̀sì lé aṣọ láì tíì gé bébà. Mo lẹ bébà pọ̀, mo gé e ní ìwọ̀n tẹlifíṣọ̀n yẹn gan-an, mo po ẹ̀kọ díẹ̀, mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Ti ẹnu ọ̀nà kò gbà á, ti fèrèsé kò gbà á. Ògiri kan ṣoṣo ló gbà á, ìyẹn ògiri Gábàsì tí mo máa ń kọjú sí kírun. Ní Àsùbáà mo dìde, bébà dúró gbàgàdà níwájú mi. Mo ní ọjọ́ tí ọkùnrin tó ń ka ìròyìn bá wá wà nínú rẹ̀ ńkọ́, ṣé òun ni n ó máa forí kanlẹ̀ fún? Làbákẹ́ ní kí n máa pa á bí mo bá fẹ́ kírun. Mo ní bó bá gbọ́n tó bí wọ́n ṣe wí, pípa ò ní kó má rí mi.

Ìyẹn kọ́ ló ká mi lára jù. Mo yí gbogbo àga kọjú sí bébà, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé olówó. Làbákẹ́ wọlé, ó jókòó, ó ń sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ fojú rẹ̀ rí níbi iṣẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ojú náà ò sì kúrò lára bébà. Bébà o, tí kò sí àwòrán kankan lára rẹ̀! Èmi náà ń dá a lóhùn, bébà ni mò ń wò. Nígbà tó lọ tán, n kò lè sọ irú aṣọ tó wọ̀, èmi télọ̀.

Mo wá ń ro ọjọ́ tí àwọn òbí Roqeeb, àwọn ará Surulere yẹn, bá dé. Roqeeb àti àwọn àbúrò rẹ̀ máa dọ̀bálẹ̀. Bí gbogbo àga bá kọjú sí ògiri, ta ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún? Ẹni tó ń tọrọ ọmọ, ojú ìyá ọmọ ló yẹ kó máa wò.

Mo sọ fún Làbákẹ́ pé n kò rà á mọ́. Ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Ó ní Ìyá, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ o, Àǹtí Azeezah ti pè mí pé kí n wá àwọn tó máa gbé máṣíìnì ìránṣọ yín lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí àlejò tó dé. Má bá a jà, òótọ́ ló sọ.

Ó wá yé mi. Aṣọ ìkélé lo fẹ́ rà, Azeezah. O fẹ́ kí wọ́n máa wo ohun tó ń tàn, kí wọ́n má baà wo àjà tó ń jò, àti máṣíìnì tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, àti èmi. N kò bú ọ. Èmi náà ti ṣe ọmọge rí, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára bí ilé ọkọ bá ga ju ilé ẹni lọ. Ṣùgbọ́n máṣíìnì yẹn ò lọ ibì kan. Mo ti nù ún, mo ti fi òróró sí i, abẹ́ fèrèsé tó wà náà ló máa wà. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ń wù ọ́, ra ọ̀kan sí ilé ọkọ rẹ, n ó wá wò ó.

Owó rẹ ṣì wà níbi tó wà. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n fi tún àjà ṣe kí òjò má lọ kán sórí àna. Kò ní tó, páànù ti wọ́n, fi díẹ̀ kún un. Fi ti aṣọ tí n ó fi bo àga náà sí i, èmi ni n ó rán an, o kò ní sanwó iṣẹ́. Fi ti ìrẹsì àti ẹran sí i pẹ̀lú, àlejò kì í jẹ ìgbéraga ìyá ìyàwó yó.

Nígbà tí wọ́n bá jókòó, wọ́n máa béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, àwọn olówó fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. N kò ní lanu. Ìwọ ni n ó jẹ́ kó dá wọn lóhùn, n ó sì máa gbọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé tí ò ń lọ mọ iyì rẹ. Kí ọkọ rẹ má fi ọ́ ṣe ẹ̀sín, kí àgbà bá ọ nínú ayọ̀. Kí ọmọ tí ìwọ náà máa bí máa pe orúkọ rẹ sókè láàárín èrò. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àmúdàtù télọ̀.